Píìnì tí mo rọ ní Mushin, àti owó iná tí mo san lẹ́ẹ̀mejì

Owó iná ìléru ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, kì í ṣe owó irin.

Píìnì tó mú sípíríǹgì típà wa ló kán, ní ọrùn gan-an, níbi tí orí rẹ̀ ti pàdé ara. Ojúlówó ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń tà á, àṣé lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ lára ọ̀pá ńlá. Irin ní ìlà nínú, ìlà ọ̀hún sì ń tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe fà á nílé iṣẹ́. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, ìlà á gé sí ọrùn. Bí wọ́n bá fi iná rọ ọ́ tí wọ́n gbá orí rẹ̀ wú, ìlà á yí mọ́ orí, kò ní gé. Mo ní màá rọ tèmi nìyẹn.

Mo ra ọ̀pá irin líle kan tí wọ́n ń pè ní 4140 ní Owódé Onírin, mo gbé e lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ kan ní Mushin tó ní òòlù oníná.

Ìléru ti dé 1,200°C, irin ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni NEPA bá mú iná lọ. Òòlù dákẹ́. Ìléru ní tirẹ̀ kò dákẹ́, gáàsì ló ń lò. Ọmọ iṣẹ́ fi irin sílẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní kó má baà tutù. Jẹnẹrétọ̀ kò ní dísù. Wọ́n ní kí n mówó wá, mo mówó wá. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tún kọ́kọ́ yà jẹun!

Bí a ṣe jókòó yẹn, irin ń bàjẹ́ nínú. Irin tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ti di austenite, ìyẹn bí inú irin ṣe ń tò nígbà tó bá gbóná gan-an; hóró hóró ló wà, hóró ńlá sì ń gbé kékeré mì. Bó bá ṣe pẹ́ nínú iná tó ni wọ́n ń tóbi tó. Owú àgbẹ̀dẹ ló ń tún un ṣe: bí a bá lù ú dáadáa nígbà tó ṣì gbóná, hóró tuntun wẹ́wẹ́ á hù rọ́pò àwọn tí a ti lù dàrú. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ jí, wọ́n gbá orí píìnì wú, wọ́n ní ó parí. Orí jẹ owú, ara kò jẹ nǹkan kan.

Mo ní kí wọ́n gé èyí tó lé nídìí, kí a ṣẹ́ ẹ wò. Ojú ibi tó ṣẹ́ ń dán yinrin bí iyọ̀ oníhóró.

Mo sọ fún àgbẹ̀dẹ pé, “Bàbá, ẹ wo inú rẹ̀.”

“Irin ni irin, ọmọ mi. Ògún ló ni ín.”

Ògún ló ni ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni típà. Mo ní kí wọ́n dá a padà síná, 870 péré, kó gbóná dénú, kó sì tutù fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí irin bá gòkè kọjá nǹkan bí 800, ìṣètò inú rẹ̀ á yí padà, á tún yí bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń bí hóró tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba owó gáàsì ìyẹn lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé èmi ni mo mú iná NEPA lọ.

Èyí tí a ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kúnná, àwọ̀ eérú ni. Inú mi dùn débi pé mo mú un lọ han àwọn mẹkáníìkì wa. Rírì í sínú ọ́ìlì nígbà tó gbóná kó di martensite, ìyẹn irin tó le gan-an, àti dídá a padà sí 550 kó má baà gan jù, ìyẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí jẹnẹrétọ̀ máa ké kí irin tó wọ iná. Kí ẹ gé ọ̀pá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ máa ṣẹ́ wò. Bí òòlù bá dúró, ẹ yọ irin jáde, ẹ jẹ́ kó tutù. Kí a tún un gbé síná lọ́tun sàn ju kó jókòó síbẹ̀ lọ.