Ìgò Kékeré tó Wà Lórí Wíńdò

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹran tí wọ́n gé lára mi láti fi wá jẹjẹrẹ awọ ara fi wà nínú ìgò lórí wíńdò nínú ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Ìlọrin, tí èmi sì wà nílé tí mo ń rò pé wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, torí pé èmi kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ rárá.

Ìyá tó máa ń lé làálì fún mi ló kọ́kọ́ fura sí àmì tí wọ́n gé náà. Nígbà tí làálì tí mo lé fún wòlímọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣá tán, àmì dúdú kan ṣẹ́kù sí gìgísẹ̀ òsì mi, mo sì pè é ní àbàwọ́n làálì. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀túnla, mo tún na ẹsẹ̀ sí i, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀, ó ní, "Àlàájà, eléyìí kì í ṣe làálì mi o." Etí àmì náà rí wúruwùru bí etí aṣọ tí eku jẹ, apá kan dúdú kirikiri, apá kejì dà bí omi àgbo. Kò dùn mí, kò sì yún mí. Ìpara tí mo rà ní kẹ́mísìtì kò tu irun kan lára rẹ̀.

Dókítà awọ ara fi awò kékeré kan tó ní iná wò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mìlímítà 9. Ó ní èyí tó bá ti ju 6 lọ, tó sì ń yí padà, tọ́ sí àyẹ̀wò. Mo sọ fún un pé àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni oòrùn ń fa ti àwọn òyìnbó, tó sì ń ba awọ àwọn àfín wa jẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley ní 1977. Ní 1981 ó kú, ẹni ọdún 36 péré.

Káàdì gbígbà àti ìlà títò, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ẹran tí wọ́n gé kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Wọ́n jù ú sínú ìgò kékeré tó ní fọ́málíìnì, nọ́ọ̀sì lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn, ó fi bírò kọ orúkọ mi sí i, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Màmá, a ó pè yín."

Wọn kò pè mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo lọ sí láàbù, wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ orúkọ mi lọ́dọ̀ àwọn. Mo padà síbi tí wọ́n ti gé e, wọ́n ní ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Láàbù ní kí n mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì sì rèé, wọ́n ti fi pín-ìnì gún un mọ́ fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù sì wà pẹ̀lú ìgò. Akọ̀wé kan tí kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí sọ pé láìsí rìsíìtì, àfi kí n san owó mìíràn. Mo san ₦25,000 lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀rù, kì í ṣe nítorí pé mo gbà.

Àṣé aláìsàn tàbí èèyàn rẹ̀ ló ń gbé ìgò náà lọ sí láàbù fúnra rẹ̀! Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ló nawọ́ sí i lórí wíńdò, lẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́, bírò ti ṣàn débi pé ìdajì orúkọ mi ló kù. Ọpẹ́lọpẹ́ fọ́málíìnì tí kò jẹ́ kí ẹran náà bàjẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kọjá ọgbà náà bí ẹni gbé ẹyin.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, èsì dé: jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì kọjá ìpele òkè awọ. Wọ́n tún gé awọ tó yí i ká, wọ́n fi awọ itan mi dí ojú rẹ̀, mo fi ọ̀pá rìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Mi ò gba oògùn jẹjẹrẹ kankan. Inú mi dùn pé mo tètè lọ. Inú sì tún ń bí mi pé ẹni tó tètè lọ ni wọ́n fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bi wọ́n kí n tó dìde lórí ibùsùn pé ta ló ń gbé ìgò lọ, ǹ bá sì ti fi fóònù ya rìsíìtì àti fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fi pín-ìnì gún wọn pọ̀. Àmì náà pàápàá, ǹ bá ti gbé owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yà á lóṣooṣù, kí n má fi ọ̀pọ̀ oṣù pè é ní làálì. Ìyá alálàálì mi ti gbọ́n ju èmi lọ báyìí: kò ní po làálì fún ẹnikẹ́ni láìgbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè wò.

Ní ti ₦25,000 ìgbà kejì, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ méjì. Rìsíìtì méjèèjì ṣì wà nínú báàgì mi.