Epo Tó Mọ́ Kò Ní Kí Bébà Má Gbó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò Tiransfọ́mà Tó Ti Pẹ́

Tiransfọ́mà tó ti ń ru iná láti bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á fa epo rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dán an wò bóyá ó ṣì lè dènà iná, èsì á dára, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sóhun tó ṣe é. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Epo ṣeé sẹ́, ó sì ṣeé pààrọ̀. Bébà tí wọ́n wé mọ́ wáyà inú rẹ̀ ni kò ṣeé dá padà sí èwe. Bébà yìí dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: nígbà tó bá ṣì tuntun, ẹyọ tó wà lójú okùn kan á tó 1,000, ooru, omi àti afẹ́fẹ́ á máa já okùn náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku nǹkan bí 200, agbára bébà ti tán. Ó ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lọ o, àfi ọjọ́ tí wáyà ìta bá kanra, tí iná ńlá mì í jìgìjìgì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ọ̀kan tó bàjẹ́ báyẹn. Èsì epo tí wọ́n gbà kẹ́yìn kò lábùkù. Bébà ń rún lọ́wọ́ wa bí ewé gbígbẹ.

Furan, èròjà tí bébà tó ń gbó ń tú sínú epo, ló lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa láì tú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti fi amọ̀ sẹ́ epo náà rí, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, furan àtijọ́ ti bá a lọ, arúgbó á wá jọ ọmọdé nínú ìwé.

Ẹ má fa epo láàárọ̀ ọyẹ́ lára tiransfọ́mà tí wọ́n ti pa láti àná, kẹ́ ẹ wá ní kò sí omi nínú rẹ̀. Inú bébà ni omi sá sí, ó lé ní ìdá 95 nínú 100. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, omi á jáde sínú epo. Bó bá tutù, bébà á fà á mu padà. Ìgbà tó bá ti ń ru ẹrù fún wákàtí púpọ̀, tí ooru rẹ̀ dúró sójú kan, ni kẹ́ ẹ fà á, kẹ́ ẹ sì kọ ooru epo sílẹ̀. Nítorí ooru kan náà ni kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi iye tí Megger, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìdènà iná ṣe lágbára tó, kà ní 50°C wé ti èṣí tó jẹ́ 30°C: bí 10°C bá lé sí i, iye náà á dín sí nǹkan bí ìdajì.

Ìgò omi tí a mu tán kọ́ la fi ń gba epo fún àyẹ̀wò gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Haidirojíìnì á ti sá lọ kó tó dé láàbù. Sìrínjì onígíláàsì ni, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti da epo tó dúró sẹ́nu fọ́ọ̀fù nù. Tí acetylene, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì náà, bá yọjú níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ má pè é ní kékeré: iná ń ta níbì kan nínú rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ epo tap changer (ẹ̀yà tó ń yí ìwọ̀n foltéèjì padà) ló ń jò wọ̀ ọ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tún epo fà, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀.