Bí mo ṣe yẹ "the" inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan wò: èyí tó pọn dandan àtèyí tí ò pọn dandan

Ìtàn ẹgbẹ́ olórin kan ni wọ́n gbé fún mi pé kí n bá àwọn wo Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́. Èèyàn bíi mélòó kan ló jọ kọ ọ́, ọwọ́ wọn ò sì dọ́gba rárá, ẹnì kan ń kó "the" síbi gbogbo, ẹlòmíì ò tiẹ̀ fẹ́ rí i sójú. Èmi ni mo máa pinnu èyí tó gbọ́dọ̀ wà, èyí tí ò yẹ kó wà, àtèyí tó jẹ́ pé ó wà o, kò sí o, bákan náà ni. Ti ìkẹta yìí ló dùn mọ́ mi jù.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá gbogbo "the" inú fáìlì náà, mo wá ń yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, tí mo bá ti yọ ọ́ màá ka gbólóhùn yẹn sókè. Tí etí gbà á tí ìtumọ̀ ò sì yí, a lè fi í sílẹ̀ tàbí ká yọ ọ́. Tí ìtumọ̀ bá ti sún báyìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ yẹn.

Àwọn kan ò gba àkókò. "She plays the piano" àti "she plays piano", ìkan náà ni. "Both the singers" àti "both singers", ìkan náà ni. "Who sang the loudest" àti "who sang loudest" náà ńkọ́, kò sí ìyàtọ̀. "In the summer" àti "in summer" dáa méjèèjì, àmọ́ tí ọdún bá ti tẹ̀ lé e, bíi "in the summer of 1998", ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó gbọ́dọ̀ wà.

Ti ipò tún wà. "He became the chairman of the group" tọ̀nà, "he became chairman of the group" náà tọ̀nà, torí ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nípò yẹn. Àmọ́ "he became teacher" ò lè lọ láéláé, tíṣà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, "a teacher" la máa kọ.

Ibi tó dá mi dúró jù ni gbólóhùn kékeré kan, "The secretary and treasurer signed the letter". Ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ "the singers and drummers" ni, ẹ fi "the" ìkejì sí i, ẹ yọ ọ́, kò ba nǹkan kan jẹ́, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọ̀tọ̀ làwọn akọrin, ọ̀tọ̀ làwọn onílù. Àmọ́ akọ̀wé àti akápò yìí, béèyàn ṣe kọ ọ́ yẹn, ó lè jẹ́ ẹnì kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì! Mi ò lè dá a mọ̀ látinú ìwé, mo pè wọ́n, wọ́n ní èèyàn méjì ni, ni mo bá kọ ọ́ sí "the secretary and the treasurer". Mo fẹ́ràn irú èyí gan-an, ọ̀rọ̀ bíńtín tó ń sọ iye èèyàn tó fọwọ́ sí lẹ́tà.

"Most of members" wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ò dáa rárá, ẹ kọ "most members" tàbí "most of the members". Ti ọsibítù, "in hospital" làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, "in the hospital" làwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ. "Colour" ni wọ́n ń kọ nínú ìwé yẹn látòkè délẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn ("color" làwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ), torí náà mo yọ "the" kúrò nínú "in the hospital".

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mú ẹyọ kan nínú gbogbo àwọn tó jẹ́ méjèèjì ló dáa, mo sì lo òun nìkan dé ìparí, torí ojú ìwé kan náà ò yẹ kó ní "plays piano" lókè kó tún ní "plays the piano" nísàlẹ̀. Mo kọ àwọn tí mo mú sórí bébà kan, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì náà kí ẹni tó bá máa fi kún ìtàn yẹn lọ́jọ́ iwájú lè máa tẹ̀ lé e.