Bí a ṣe ń fi àǹkárá tí sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn wọ ọmọlángidi

Àǹkárá tó wà ní kíká lórí pẹpẹ, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni oníbàárà ń rí. Kò rí ìró, kò rí bùbá, kò sì mọ gèlè tó máa bá a mu. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní "mò ń bọ̀," ó di gbére. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọlángidi, ère tí a fi ń pàtẹ aṣọ ní ìsọ̀, kí oníbàárà lè rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀.

Yáàdì 6 kan ti tó, ẹ kò sì ní gé e. Ẹ so rọ́bà fífẹ̀ mọ́ ìbàdí ọmọlángidi, kó le dáadáa. Ẹ fi nǹkan bíi yáàdì 2 ró ìró, kí ẹ ki etí rẹ̀ òkè bọ inú rọ́bà. Ẹ gbé èyí tó kù gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún níbẹ̀, kó bo àyà, kó sì padà sẹ́yìn. Ẹ ká ìyókù pẹlẹbẹ, kí ẹ tì í sábẹ́ rọ́bà. Bí ẹ bá ṣù ú jọ, ẹ̀yìn á wú, aṣọ á sì wò bí ẹrù.

Etí aṣọ ni kí ẹ ti gún píìnì. Píìnì máa ń fa òwú léèsì, ihò rẹ̀ sì máa ń hàn lára sátíìnì. Péègì ni kí ẹ fi mú àwọn yẹn.

Gèlè ló ń ṣe iṣẹ́ jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì mú jù. Àwọ̀ tó kéré jù lára àǹkárá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí aṣọ bá jẹ́ búlúù, tó ní òdòdó pupa ńláńlá àti ewé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, gèlè aláwọ̀ ìyeyè ni kí ẹ wé. Gèlè búlúù á pòórá mọ́ aṣọ. Ti ìyeyè á mú kí ojú rí àwọn ewé wẹ́wẹ́ yẹn. Ọmọlángidi tí kò lórí ńkọ́? Ẹ wé gèlè sórí igbá, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bàtà àti pọ́ọ̀sì tó bá wà ní ìsọ̀ yín nìkan ni kí ẹ fi kún un. Ẹ kọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àpapọ̀ rẹ̀.

Oòrùn ẹnu ọ̀nà máa ń mú kí àwọ̀ aṣọ ṣá, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gílóòbù tó pọ́n máa ń sọ funfun di àwọ̀ mílíìkì; èyí tó mọ́ funfun ni kí ẹ lò.

Ẹ fi dígí tó ga tó ènìyàn sí ìtòsí, kí àyè ìṣísẹ̀ méjì wà níwájú rẹ̀, kí ẹ lè ju aṣọ lé oníbàárà léjìká níbẹ̀.