Àwòrán tó ń lọ sókè òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi. Bí oníbàárà bá ra iṣẹ́ yín láti òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Èkó, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkàn ni kí ẹ lọ. Ìwé yẹn ló ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ tuntun ni, kì í ṣe ohun àtijọ́ tí òfin ní kó má kúrò nílùú. Wọ́n ti dá tèmi padà ní pápákọ̀ òfurufú rí nítorí pé mi ò ní ìwé náà, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ẹ tú kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí ẹ ya àwòrán sí, kúrò lára férémù, kí ẹ ká a sínú páìpù tó fẹ̀ dáadáa. Ojú tí ẹ kùn ni kó wà níta o! Bó bá wà nínú, ọ̀dà á rún jọ, á sì sán. Ọ̀dà elépo ńkọ́? Ó lè gbẹ lójú kí inú rẹ̀ ṣì tutù fún oṣù mélòó kan, ẹ má tètè ká a.