Bí ẹ ṣe lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé, kí dókítà lè rí nǹkan dìmú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni orí kì í fọ́, òòyì kì í kọ́ wọn, wọ́n ń bá òwò wọn lọ ní Balógun àti Mushin láìfura. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún dé ọdún, ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára ta lu iṣan ń sọ iṣan náà di líle, ọkàn sì ń fi tipátipá ṣiṣẹ́ títí ẹran ara rẹ̀ á fi nípọn. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, ìkọlù ọkàn àti àrùn kíndìnrín ti ń wá. Kò sí ohun tó lè tú u fó bí kò ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá, ẹ̀rọ náà á sì ṣini lọ́nà bí a kò bá lò ó bó ṣe yẹ.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ òkè ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi okùn ìwọn télọ̀ wọn àyíká apá yín, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá, wà fún apá tó jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè aṣọ ńlá, torí èyí tó bá kéré jù á gbé iye tó ga ju òótọ́ lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá á wá máa lo oògùn tí kò nílò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó, lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland, tó ya kẹ́míìsì kan ní Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n wọ̀n ọ́n bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò tíì mọ ìfúnpá rẹ̀ rárá. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó lo oògùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún máa ń gbé iye sókè. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá, ẹ má jẹ obì, ẹ má sì pọn omi gun àtẹ̀gùn.

Ẹ jókòó sórí àga tí ẹ lè fẹ̀yìn tì, kì í ṣe etí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí aṣọ ẹ̀rọ wà ní ọ̀gangan ọkàn. Bí tábìlì bá rẹlẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà sókè. Ara ni kí ẹ wé aṣọ náà mọ́, kì í ṣe orí bùbá, ẹ má sì ká apá bùbá sókè débi tó máa fún yín. Kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi bí ìka méjì ga ju ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká lọ, kí ìka méjì sì lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù jìnnà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á máa dá ọmọ lóhùn nígbà tí ẹ̀rọ ń fún apá, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan sì tó láti gbé iye lọ sókè. Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ wọn apá méjèèjì; èyí tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò lọ.

Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò. Iye mẹ́rìnlélógún ló máa ṣẹ́kù. Ẹ ro ti òkè pọ̀, kí ẹ pín in sí 24, kí ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ bákan náà. Bí òkè bá tó 135, tàbí ìsàlẹ̀ tó 85, ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nílé ìwòsàn, 140 lórí 90 ni wọ́n ń wò, torí àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń já tí wọ́n bá rí nọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá rí 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn sábẹ́ ahọ́n yín pé kó lè tètè wálẹ̀: bí ìfúnpá bá já lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ tó. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni wọ apá tàbí àgbọ̀n, bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan kò bá ṣeé gbé tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó, lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ aago tí ara aláìsàn dá kẹ́yìn, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ kì í ṣeé fún un mọ́ bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá ti kọjá. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí epo pupa. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Oògùn tí wọ́n bá kọ fún yín, ojoojúmọ́ ni. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Ẹ padà lọ sọ ọ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ìfúnpá tó wálẹ̀, oògùn ló dì í mú. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún ara ríro máa ń gbé e padà sókè.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù márùn-ún lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, àtọbẹ̀ àti ìrẹsì àti súyà. Ẹ ka ara páálí mágí: iyọ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, àlùbọ́sà àti efinrin lè dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá yí oògùn yín padà, ẹ tún ọjọ́ méje náà wọ̀n kí ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà tó pé.