Bí Ọmọ Àkúrẹ́ Ṣe Lè Kọ́ Eré Ski Kó Tó Fojú Kan Òjò Dídì

Ski ni pákó gígùn tínínrín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì. Claudia Nystad, eléré ski ọ̀nà jíjìn, ọmọ Jámánì tó ń jẹ́ Claudia Künzel kó tó wọlé ọkọ, gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà ní Òlíńpíìkì. Ó wà nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó gba wúrà fún Jámánì nínú relay ní Salt Lake City ní 2002. Ní Turin ní 2006, ó gba fàdákà méjì, ọ̀kan nínú relay, èkejì nínú sprint tó dá sá. Ní Vancouver ní 2010, òun àti Evi Sachenbacher-Stehle gba wúrà nínú sprint ẹlẹ́ni-méjì, ó sì tún gba fàdákà nínú relay. Ó fi eré sílẹ̀, ó tún padà wá, ó sì gba idẹ nínú relay ní Sochi ní 2014.

Ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni irú àwọn eléré yìí máa ń díje. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, orí títì ọlọ́dà àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti ń kó agbára jọ, ski onítáyà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Lóòótọ́, wọ́n ní gbọ̀ngàn ski tó tutù ní Oberhof, tí wọ́n ṣí ní 2009, níbi tí òjò dídì wà nínú ilé kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí oṣù wọ̀nyẹn. Apá iṣẹ́ yẹn ṣeé ṣe ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, a ó sì sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é láìfi ẹsẹ̀ ṣẹ́.

Ohun èlò

Oríṣi ski onítáyà méjì ló wà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà sá eré yìí: classic, tí ẹsẹ̀ ń lọ tààrà síwájú bíi rírìn, àti skating, tí ẹsẹ̀ ń ti síta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ti classic ní táyà tó fẹ̀, ọ̀kan nínú táyà rẹ̀ sì ní ìdènà tí kì í jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ti skating ní táyà tínínrín, gíga rẹ̀ mìlímítà 100, fífẹ̀ rẹ̀ bíi 24, ó sì ń yí síwá-sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Bí owó bá tó fún ẹyọ kan péré, ẹ ra ti classic: ó dúró dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló sì ń kọ́ èèyàn ní lílo ọ̀pá. Láti àáṣì iwájú, ìyẹn irin tó di táyà mú, dé ti ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 530. Ìyẹn ni FIS, àjọ àgbáyé eré ski, fọwọ́ sí fún ìdíje, èyí tó bá sì kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa gbọ̀n lẹ́sẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè bí táyà ṣe yára tó kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi nọ́ńbà sí i, 1 ni èyí tó yára, 3 ni èyí tó lọ́ra. Èyí tó lọ́ra ni ti akẹ́kọ̀ọ́.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, ó sì dára bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó wò. Ẹ gbé ski sókè, ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́tí sí i: bí ó bá ń hanrun, bearing rẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo bóyá ẹ̀gbẹ́ kan táyà ti jẹ ju ìkejì lọ. Ẹ wo ibi tí irin àáṣì ti wọ ara ski, ibẹ̀ ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà, nítorí NNN àti SNS jẹ́ oríṣi ìdè méjì, ìyẹn ohun tó ń so bàtà mọ́ ski. Bàtà NNN ní ojú ìlà tínínrín méjì nísàlẹ̀, ti SNS ní ẹyọ kan tó gbòòrò, ọ̀kan kì í sì í wọ ìdè èkejì. Ọ̀pọ̀ ló ti ra bàtà àti ski tí kò mọ ara wọn rí, tí owó sì ṣòfò.

Gígùn ọ̀pá kò ṣeé fojú wọ̀n. Fún classic, ẹ mú gíga ara yín pẹ̀lú bàtà, ẹ fi 0.83 sọ ọ́ di púpọ̀. Fún skating, ẹ fi 0.9. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 máa lo ọ̀pá 140 fún classic, 152 tàbí 153 fún skating. Orí ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún òjò dídì kò wúlò lórí ọ̀dà, orí carbide, irin tó le gan-an, ni kí ẹ béèrè fún. Orí yìí máa ń kú bí ọ̀bẹ, fáìlì lásán ọ̀dọ̀ wẹ́dà kò sì lè pọ́n ọn, àfi fáìlì dáyámọ́ǹdì. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ orí, ẹ ki ẹnu ọ̀pá bọ omi gbígbóná títí gúlù á fi rọ̀, kí ẹ wá fà á yọ. Ẹ má fi iná kan ọ̀pá carbon, á bàjẹ́ láti inú láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú.

Ẹ dé akoto kẹ̀kẹ́ ológeere. Ti ọ̀kadà ń dí etí, ó sì ń mú orí gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbo orúnkún, àti ẹ̀wù tó ń dán lójú iná.

Ibi tí ẹ ó ti ṣe é

Ski onítáyà kò ní bíréèkì. Gbogbo ìpinnu nípa títì ń ti ibẹ̀ wá. Títì Ọba Adésidà kò ṣeé lò ní wákàtí kankan, ọ̀nà márosẹ̀ Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ náà kò sì ṣeé lò. Títì inú ọgbà FUTA láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú dára bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá fún yín láyè. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn òpópónà inú Ìjàpọ̀ tí kò ní gọ́tà tó là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ṣeé lò. Ẹ fẹsẹ̀ rin títì náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ka bọ́ǹpù, ẹ wo ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kó jọ sí, nítorí táyà kékeré máa ń dúró gbọn-in lórí òkúta kan, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì máa lọ. Ibi tó tẹ́jú tàbí tó ń gòkè díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìsọ̀kalẹ̀ bá wà, ó gbọ́dọ̀ parí sí ibi títẹ́jú, kí koríko sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè sá sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́

Orí koríko ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé èkejì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń dìde: ski méjèèjì ní ìdúró kan náà, orúnkún kan nílẹ̀, kí ẹ tó nàró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ́ dídúró: ẹ fẹ gìgísẹ̀ méjèèjì síta, ẹ tẹ orúnkún, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ inú táyà ha ọ̀dà. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ìyẹn kò ní dá yín dúró. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sórí koríko, ẹ máa sáré lọ.

Títi ọ̀pá méjèèjì papọ̀ ni ìpìlẹ̀ eré yìí, a ò sì gbọdọ̀ kánjú nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ dé ìwọ̀n ojú, ìgbọ̀nwọ́ ní títẹ̀, ó ṣí síta díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ara fì síwájú láti ọrùn ẹsẹ̀ títí ìwúwo á fi wà ní iwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ gún ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ikùn ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: ẹ kó ikùn, kí àyà wálẹ̀ sórí ọ̀pá, kí ìgbọ̀nwọ́ má tíì nà. Ìgbà tí ọwọ́ bá kọjá orúnkún ni apá máa tó nà sẹ́yìn kọjá ìbàdí. Ẹ tètè dá ọwọ́ padà sókè, kí ìbàdí tẹ̀ lé e síwájú.

Àṣìṣe ibẹ̀ ní àmì tirẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ń dùn yín lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, apá nìkan lẹ fi ń fà, ikùn ń sùn. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń ro yín, ẹ ń tẹ̀ jù; ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tán. Bí orí ọ̀pá bá ń yọ̀, ó ti kú, tàbí ẹ ń gún un jìnnà síwájú tó fi ń ti yín padà. Bí ẹ bá ń ṣubú sẹ́yìn, orí gìgísẹ̀ lẹ jókòó lé. Bí ojúgun bá le bí igi, ẹ ń fi ìka ẹsẹ̀ di bàtà mú; ẹ tú u sílẹ̀. Ìléròrò àtàǹpàkò ń wá láti inú dídi ọ̀pá mú pinpin: okùn ọ̀pá ló yẹ kó gba agbára, kí ìka sì ṣí bí ọwọ́ bá ti kọjá ìbàdí.

Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lè ti ọ̀pá fún ìṣẹ́jú 10 láìdúró lórí ibi títẹ́jú ni kí ẹ tó kan ìgbésẹ̀ ọ̀tún-òsì ti classic. Skating wá lẹ́yìn ìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láìsí ọ̀pá: ẹ gun ẹsẹ̀ kan títí ski á fi fẹ́ dúró, kí imú, orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ wà lórí ìlà kan. Bí ẹ kò bá lè yí lọ lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò tíì tó àkókò láti mú ọ̀pá.

Túùbù ọ̀kadà, àti òkè Ìdànrè

Ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ ra túùbù ọ̀kadà tó ti bẹ́. Ẹ là á gbọọrọ, ẹ gé e sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà kan àbọ̀. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tàbí irin fèrèsé ní gíga orí yín, ẹ ṣe kókó sí ẹnu rẹ̀ fún ọwọ́, kí ẹ sì máa fà á bí ìgbà tí ẹ ń ti ọ̀pá. Ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀mẹta ni ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó yẹ kó dé ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kò sí ohun tó wọ́n dín ju èyí lọ tó ń kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn àti ikùn bẹ́ẹ̀, òjò kì í sì í dí i lọ́wọ́.

Ìdànrè fún ọjọ́ gígùn ni. Ẹ fi ski sílé, ẹ mú ọ̀pá tó kúrú ju ti classic lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀ nítorí òkúta. Ẹ fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn ní ìrìn, ẹ má fò, nítorí gíga àtẹ̀gùn ọ̀hún kò dọ́gba. Fífò tí àwọn ará Jámánì ń ṣe lórí òkè, ẹ wá ibi tó ní yẹ̀pẹ̀ fún un: ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ẹ rìn wálẹ̀ láàárín wọn.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ

Fún ọmọ ọdún 16 tó ń lọ sílé ìwé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìṣẹ́jú 50 títi ọ̀pá wọ́ọ́rọ́wọ́, Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú 40 túùbù, Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan tí eré kíkan ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹrin wà nínú rẹ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín, Àbámẹ́ta, ìṣẹ́jú 110 lórí òkè, Àìkú, ìṣẹ́jú 75 fún ọ̀nà ìṣe. Ó jẹ́ wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 35. Àwọn àgbà eléré àgbáyé ń ṣe nǹkan bíi wákàtí 700 sí 900 lọ́dún. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti débẹ̀ ni kí ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún. Ẹ má gbìyànjú láti fi oṣù mẹ́ta bá wọn.

Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wákàtí yìí gbọ́dọ̀ rọrùn débi pé ẹ lè máa bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ibí yìí làwọn ọmọ tó lágbára ti ń bàjẹ́: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sá a kíkan, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ á wá dé, wọn ò ní agbára tí wọ́n fẹ́ lò mọ́. Ooru Àkúrẹ́ ń mú ọkàn lù yára ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà lílù ọkàn ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ìyára. Ẹ jáde ní agogo márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà. Bí iṣẹ́ bá ju wákàtí kan lọ, ẹ po omi mímọ́ lítà kan pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́jú àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárín wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́ dára púpọ̀, kí iyán dúró di ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹ fi eré kíkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ọ̀dà bá tutù, ẹ má gun ski. Táyà máa ń yọ̀, omi eléruku sì ń pa bearing. Bí táyà skating bá ti sáré bíi kìlómítà 150, ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì kó lè jẹ dọ́gba.

Ọ̀nà ìdíje

FIS ló ń fún eléré ní máàkì, èyí tó kéré ló dára. Nínú eré tí wọ́n ń tú eléré sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àkókò ẹni tó borí pín tiyín, ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi 800 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 30, tí ẹ lo 36, ó jẹ́ 160, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iye tí ìdíje náà fúnra rẹ̀ ní kún un. Pita Taufatofua láti Tonga kó lára máàkì rẹ̀ jọ nínú ìdíje ski onítáyà kó tó dé Òlíńpíìkì Pyeongchang ní 2018. Samuel Ikpefan, tó dàgbà ní Faransé, sáré fún Nàìjíríà ní Beijing ní 2022. Òfin máa ń yí, ẹ ka ti ọdún tí ẹ fẹ́ díje; àjọ eré ski orílẹ̀-èdè ló sì gbọ́dọ̀ forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ FIS.

Bí àǹfààní òjò dídì bá dé, ẹ mọ ohun tí ski onítáyà kò kọ́ yín. Ìdènà inú táyà classic máa ń di ilẹ̀ mú kódà bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ pẹ́. Òjò dídì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ kò bá tẹ ski wálẹ̀ gan-an ní àkókò tí ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé, á yọ̀ sẹ́yìn, ẹ ó sì rò pé wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń pa ìsàlẹ̀ ski, ni kò dára. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ nìkan rìn, ẹ máa yọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ́ ìsọ̀kalẹ̀ kékeré. Ọjọ́ kẹrin ni kí ẹ tó mú ọ̀pá.